Ìṣẹ́jú Mélòó Ló Yẹ Kí Mọ́tò Fi Gbóná Láàárọ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Tílẹ̀ bá ti mọ́, olówó orí mi á ti sitáàtì Corolla 2005 wa, á fi sílẹ̀ kó máa dún fún ìṣẹ́jú 20, ó ní ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ gbóná kóun tó kúrò ní Ọbáńtokò lọ sí Òkè-Mọ́sàn. Èéfín ẹ̀ ń wọlé bá àwọn ọmọ, epo náà sì wọ́n. Ṣé bó ṣe yẹ nìyẹn? — Ìyá Ìbejì

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ bá mi kí Bàbá Ìbejì, àmọ́ ìṣẹ́jú 20 ti pọ̀ jù. Ayé mọ́tò oní-kábúrẹ́tọ̀ (ẹ̀rọ tó ń po epo mọ́ atẹ́gùn láìsí kọ̀ǹpútà) ni wọ́n ṣì wà, àwọn Peugeot 504 àtijọ́ tó jẹ́ pé tí ò bá gbóná díẹ̀ á kàn máa kú mọ́ni lọ́wọ́ ni. Tiyín, kọ̀ǹpútà ló ń díwọ̀n epo fún un, ìṣẹ́jú àáyá 30 sí ìṣẹ́jú kan ti tó kí ọ́ìlì fi dé òkè ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n wá rọra máa wà á lọ, kí wọ́n má tẹná jù títí abẹ́rẹ́ ìgbóná tó wà níwájú dírẹ́bà á fi gbéra nísàlẹ̀, torí mọ́tò tó ń rìn máa ń tètè gbóná ju èyí tó dúró lọ. Òtútù wo la tiẹ̀ ní l'Abẹ́òkúta ná, àbí Kánádà la wà ni? Èéfín yẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù, carbon monoxide wà nínú ẹ̀, kò lóòórùn, ó sì ń pààyàn. Kí wọ́n yí ẹ̀yìn mọ́tò yẹn kúrò lójú fèrèsé lónìí o.