Ẹ má tíì fọwọ́ sí ìwé "ọ̀rọ̀ ti parí" yẹn

Àbúrò mi, o ní jíìpù kan gbá ẹ̀gbọ́n rẹ lẹ́yìn lórí ọ̀kadà ní Kútọ̀, l'Abẹ́òkúta níbí, awakọ̀ rẹ̀ fẹ́ fún yín ní ₦60,000, kẹ́ ẹ lọ fọwọ́ síwèé ní tẹ́ṣàn pé ọ̀rọ̀ ti parí. O ní ṣé kẹ́ ẹ gbà. Ẹ ní sùúrù ná. Èmi gba ₦25,000 lọ́dún 2019, mo sì ń fi ọrùn san án dòní.

Lafẹ́nwá ni mo ti ń bọ̀, mo dorí kọ Ìta Ọ̀ṣìn, ó kù díẹ̀ kí wọ́n pe ìrun mọ̀gáríbì. Ìyá kan tó ru àtẹ fùfú fẹ́ sọdá, mo bá rọra tẹ bíréèkì. N ò gbọ́ fèrè. Táyà tó ń han ni mo gbọ́, ojú ọ̀run ni mo rí tẹ̀ lé e. Mọ́tò kọ lu ìdí ọ̀kadà, ọ̀kadà sá lábẹ́ mi, mo fẹ̀yìn balẹ̀ lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, akoto orí mi sì fọ́ gíláàsì iwájú. Ẹni tó wà nínú mọ́tò ní ìrọ̀rí lẹ́yìn orí. Afẹ́fẹ́ ló wà lẹ́yìn ọlọ́kadà. Tó bá gbé èrò, èrò yẹn ni mọ́tò á kọ́kọ́ bá.

Àwọn èèyàn sáré dé. "Ẹ da omi sí i lórí!" Wọ́n já píọ̀ wọ́tà méjì lé mi lórí, àwọn méjì kì mí lábíyá, wọ́n fi mí há àárín lórí ọ̀kadà mìíràn. Ká ní ọ̀pá ẹ̀yìn mi ti sán ni, wọn ì bá fi àánú sọ mí di arọ. Ẹni tó bá wà nílẹ̀, ẹ jẹ́ kó wà nílẹ̀, kí ẹnì kan di orí rẹ̀ mú kó má mì, kẹ́ ẹ pe 122 ti àwọn Road Safety. Ilé ìwòsàn aládàáni tí wọ́n wá gbé mi dé ńkọ́? Ìwé ọlọ́pàá ni nọ́ọ̀sì ní ká lọ mú wá kí òun tó fọwọ́ kàn mí. Òfin ìlera ọdún 2014 sọ pé wọn ò gbọdọ̀ kọ ẹni tó wà ní pàjáwìrì. Ta ló fẹ́ kà á fún un níbẹ̀?

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo dìde, mo rìn, mo tún ń ṣe yẹ̀yẹ́. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, sájẹ́ǹtì tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà ní, "Bàbá, ṣebí ẹ ń rìn? Ẹ jẹ́ ká parí ẹ̀ bí ọmọ ìyá." Ọmọ ìyá ta? Òun ló ń pe ohun tí mò ń kọ fún mi: mo ti gba owó, n kò ní ẹjọ́ kankan mọ́. Mo tún sanwó ìwé tí mo kọ ọ́ sí. Wọ́n sì ti fi mọ́tò náà sílẹ̀ kí VIO, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ṣàyẹ̀wò mọ́tò, tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀kadà tèmi ló wá jókòó sí ọgbà wọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Nígbà tí mo fi máa rí i gbà, bátìrì ti fò lọ.

Ọjọ́ kẹta ni ọrùn gan. Tí mo bá fẹ́ dìde lórí ibùsùn, ọwọ́ méjèèjì ni mo fi ń gbé orí ara mi, bí ẹni gbé garawa omi tó kún dẹ́nu. Oṣù márùn-ún. Ìyàwó mi ló ń wọ̀ mí láṣọ, àwọn ìka ọwọ́ òsì mi ń ta bí ẹni fi ata rà wọ́n. Mo lọ bá ẹnì kan tó ń to eegun lọ́nà Òdèdá, ó fẹ́ lọ́ ọrùn náà, igbe mi ló lé e sẹ́yìn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọ́ ọrùn ẹ̀gbọ́n rẹ kẹ́ ẹ tó ya X-ray o.

Mo padà mú ìwé yẹn lọ bá lọ́yà kan ní Ìsàbọ̀. Ó kà á, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. Mo ti mọ̀. Ó ní ẹni tó gbáni láti ẹ̀yìn ló sábà máa ń jẹ̀bi, torí ó yẹ kó fi àyè tó lè fi dúró sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n á bèèrè iná ẹ̀yìn ọ̀kadà, akoto àti láísẹ́ǹsì. (Iná ẹ̀yìn tèmi ti kú láti Iléyá.) Ó ní owó tí n ò bá ní rìsíìtì rẹ̀, lójú kóòtù n ò ná an. Owó ẹni tó ń to eegun wọgbó nìyẹn. Tó bá sì jẹ́ mọ́tò ìjọba tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ló gbáni, oṣù mẹ́ta péré lèèyàn ní láti pẹjọ́. Ẹ̀bẹ̀ àti ìpàdé á ti jẹ ẹ́ tán kéèyàn tó jí.

Èyí tó dùn mí jù ni íńṣọ́ránsì. Kò sí mọ́tò tó gbọdọ̀ gun títì láìní third party, ìyẹn íńṣọ́ránsì tó ń sanwó fún ẹni tí mọ́tò náà bá gbá. Láti 2023, ₦15,000 lọ́dún ni ti mọ́tò àdáni, ó lè san tó mílíọ̀nù mẹ́ta náírà fún dúkìá tó bàjẹ́, ti ẹni tó fara pa lọ́tọ̀. Sájẹ́ǹtì ò dárúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan! Ẹ fi nọ́ńbà jíìpù yẹn yẹ̀ ẹ́ wò lórí askNIID, ìkànnì tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá íńṣọ́ránsì mọ́tò jẹ́ ojúlówó. Ayédèrú pọ̀ níta, ó sì lè jẹ́ ohun tó ń lé awakọ̀ yín léré nìyẹn.

Fọ́tò, àwọn tó rí i, ìyẹn o ti mọ̀. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ sanwó béèlì ní tẹ́ṣàn, ọ̀fẹ́ ni béèlì, má dá ẹnikẹ́ni lóhùn.

Ìyẹn ₦60,000: tó bá fẹ́ fi ṣe owó ìtọ́jú, ẹ gbà á, kẹ́ ẹ kọ ọ́ pé owó ìtọ́jú àkọ́kọ́ ni. "Ọ̀rọ̀ ti parí" ni kò gbọdọ̀ wọnú ìwé. O ò tiẹ̀ sọ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀. Ṣé ó lè yí ọrùn wo ẹ̀yìn báyìí?