Ìdí tí ìyà kì í fi yára kọ́ ọmọ ọdún 14 lọ́gbọ́n

Ẹ kú ìrọ́jú, ìyá wa. Ẹ ní ọmọkùnrin yín, ọmọ ọdún 14, ń wo fóònù di òru, ẹ nà án, ẹ gba fóònù ọ̀hún fún oṣù kan, kò sì jáwọ́. Àwọn tó ti dá yín lóhùn ní kí ẹ fi kún ẹgba. Èmi ò bá wọn sọ bẹ́ẹ̀. Ó pẹ́ tí mo ti ń ṣe alábòójútó họ́sítẹ́ẹ̀lì àwọn ọmọkùnrin ní ilé-ìwé girama kan nítòsí Ìbàdàn, ohun tí ojú mi rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Ìwé ńlá kan wà ní ọ́fíìsì wa tí a ń kọ orúkọ ẹlẹ́ṣẹ̀ sí: ẹni tó fo ògiri lóru, ẹni tó pẹ́ dé ìkàwé alẹ́, ẹni tó yọ́ fóònù wọlé. Ẹgba, oko ríro, ìkúnlẹ̀ nínú oòrùn, gbogbo ìyà tí wọ́n jẹ wà níbẹ̀. Ẹ ṣí ìwé yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà dé òpin rẹ̀, orúkọ kan náà lẹ máa rí. Àwọn tó ń bẹ̀rù pàṣán jù ni àwọn tí orúkọ wọn ò dé ibẹ̀ rí.

Kì í ṣe orí kunkun lásán. Ní ọdún 2016, Stefano Palminteri àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Sarah-Jayne Blakemore wà lára wọn, gbé ìwádìí kan jáde láti London. Wọ́n kó àwọn ọmọ ọdún 12 sí 17 jọ, wọ́n sì kó àwọn àgbà ọdún 18 sí 32, wọ́n ní kí wọ́n máa mú ọ̀kan nínú àmì méjì lójú kọ̀ǹpútà. Àmì kan lè fúnni ní máàkì, òmíràn lè gba máàkì lọ́wọ́ ẹni, kò sì sẹ́ni tó sọ fún wọn èwo ló ń ṣe èwo. Àfi kí wọ́n máa dán an wò. Níbi tí èrè wà, àwọn ọmọ náà mọ̀ ọ́n bí àgbà ṣe mọ̀ ọ́n. Níbi tó jẹ́ pé kí wọ́n sá fún àdánù ni, wọn ò mọ̀ ọ́n tó àgbà. Nígbà mìíràn, wọ́n tún ń fi han ẹni náà ohun tí ì bá bá a ká ní àmì kejì ló mú. Ìyẹn ran àwọn àgbà lọ́wọ́. Àwọn ọmọ ò rí i lò.

Nígbà tí mo kà á débẹ̀, mo rẹ́rìn-ín. Kí làwa òbí àti tíṣà ń fi ẹnu wa sọ láti àárọ̀ dalẹ́? "Ká ní o gbọ́ tèmi ni, ipò kìíní lò bá gbà. Wo ọmọ lágbájá!" Ọmọ á dorí kodò, a ó rò pé ọ̀rọ̀ ń wọ̀ ọ́ létí.

Iwájú ọpọlọ, lẹ́yìn egungun iwájú orí, níbi tí a ti ń ro ọ̀rọ̀ síwá sẹ́yìn, tí a sì ti ń kó ara ẹni níjàánu, kì í gbó tán títí èèyàn á fi lé dáadáa ní ogún ọdún. Apá tó ń sáré dìde bí èrè bá yọjú ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ní tirẹ̀. Mo mọ̀ pé máàkì kì í ṣe pàṣán, wọn ò na ẹnì kankan ní London yẹn. Ní ti nínà gan-an, Elizabeth Gershoff àti Andrew Grogan-Kaylor kó ìwádìí 75 jọ lọ́dún 2016 kan náà, lórí fífi ọwọ́ gbá ọmọ nídìí. Wọn ò rí i pé ó bá ìwà rere rìn. Ìwà ipá àti àìgbọràn ló ń bá rìn.

Ẹ má sì bá a wí lójú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, mo bẹ̀ yín. Margo Gardner àti Laurence Steinberg fi eré ìwakọ̀ orí kọ̀ǹpútà dán èyí wò ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 2005: bí ọ̀rẹ́ bá wà nítòsí, àwọn ọmọ ọdún 13 sí 16 ń wu ewu ju ìgbà tí wọ́n bá dá wà lọ, àwọn àgbà ò yí padà. Ní ilé-ìwé wa, ọmọ tí wọ́n bá nà ní àsẹ́ńbìlì tí kò sunkún, ọba ló ń jẹ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìyà tí a fi jẹ ẹ́ ti di èrè rẹ̀.

Mo bá ọ̀gá àgbà fà á títí kó tó gbà fún mi: ẹni tí orúkọ rẹ̀ ò bá wọ ìwé náà láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì á wo bọ́ọ̀lù nínú gbọ̀ngàn lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Tẹ́lẹ̀, ohun tí a fi ń dẹ́rù bà wọ́n ni pé wọn ò ní lọ sílé ní àárín sáà, ìyẹn sì jìnnà sí ọmọ ọdún 14 bí ọ̀run. Bọ́ọ̀lù dín àwọn tó ń fo ògiri kù. Ọmọ kan wà tí kò kàn. Nígbà tí mo pè é jókòó, oúnjẹ ló ń wá lọ síta; wọn ò fi owó ránṣẹ́ sí i láti ilé mọ́. Gààrí àti ṣúgà ló parí ìyẹn.

Ní ti fóònù, ẹ dá a padà. Oṣù kan ti pọ̀ jù. Láàárín ọjọ́ mélòó kan ó ti rí ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ lò. Kí fóònù máa sun yàrá yín láti aago mẹ́sàn-án alẹ́. Alẹ́ tó bá gbé e wá láìjà, kó rí dátà gbà lọ́jọ́ kejì, kí ẹ sì jẹ́ kó mọ ohun tó gbà á fún. Alẹ́ tí kò bá gbé e wá, kò sí dátà lọ́jọ́ kejì, ó tán, ẹ má ṣe ìwàásù. Bàbá rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ sí i, torí bó bá ń ra dátà fún un ní kọ̀rọ̀, òfo lẹ ń ṣe. Bó bá sì tún ń sùn ní kíláàsì lẹ́yìn tí fóònù ti ń sun ọ̀dọ̀ yín, ẹ mú un lọ rí dókítà.