Owó òní, ọjọ́ àná: Ìbéèrè lórí ọjọ́ àti àkókò nínú èdè C

Ìbéèrè

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń kọ library kékeré kan (àkójọ kóòdù tí program mìíràn lè pè) ní èdè C fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn aládìrẹ kan ní Ìtòkú. Laptop Windows ni akọ̀wé fi ń tẹ owó wọlé, Linux ni server tó ń gbà á, a sì tún ní Raspberry Pi àtijọ́ kan tó ń tẹ rìsíìtì. Bí a bá ń parí ìṣirò oṣù, tí ilẹ̀ sì ṣú mọ́ wa lọ́wọ́, owó tí a tẹ̀ lẹ́yìn aago méjìlá òru máa ń di ti ọjọ́ àná lórí server. Bí mo bá tẹ ọjọ́ ìbí àwọn ìyá àgbà wọlé, program á kú lórí Windows, kì í sì í kú lórí Linux. Mo tún fẹ́ kó máa sọ ọjọ́ ìpàdé fún wa, ọjọ́ ọjà sì ni ìpàdé wa, ọrọọrún. Báwo ni mo ṣe lè ṣe é kó má yàtọ̀ láti ẹ̀rọ kan sí èkejì?

Òǹkàwé kan, Ìbarà, Abẹ́òkúta

Ìdáhùn

Àbúrò mi, o kú làálàá. Ibì kan náà ni gbogbo wàhálà yìí ti ń wá: o kó oríṣiríṣi nǹkan sínú `time_t` kan ṣoṣo, irú nọ́ńbà tí C fi ń tọ́jú àkókò. Ìgbà tí owó wọlé, ohun kan nìyẹn. Ọjọ́ ìbí, ohun mìíràn pátápátá. Iye àkókò tó kọjá láàárín iṣẹ́ méjì, òun náà tún yàtọ̀. C kò ní bá ọ yà wọ́n sọ́tọ̀, ọwọ́ ìwọ tó ń kọ library ló kù sí.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti owó. Ká ní ìyá kan san owó rẹ̀ ní aago méjìlá kọjá ogún ìṣẹ́jú lóru, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 March 2025. Aago Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣíwájú UTC (aago àjùmọ̀lò gbogbo ayé), orí UTC ni wọ́n sì ń fi ọ̀pọ̀ server sí. Lójú server, aago mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú alẹ́ ọjọ́ Ajé, 3 March, ni. Kò parọ́. `localtime` lo pè, aago ibi tí program ti ń ṣiṣẹ́ ni `localtime` sì máa ń wò, kò mọ ibi tí ìyá náà jókòó sí.

Iye sẹ́kọ́ńdì láti ìbẹ̀rẹ̀ 1970 ní UTC ni kí o tọ́jú, nínú `int64_t` (nọ́ńbà oníbit 64). Ìgbà tí o bá fẹ́ fi han ènìyàn ni kí o tó fi 3600 (sẹ́kọ́ńdì inú wákàtí kan) kún un, kí o wá gbé e fún `gmtime`, tó ń sọ sẹ́kọ́ńdì di ọjọ́ àti aago, má pe `localtime` rárá. Ó dára bẹ́ẹ̀ fún Nàìjíríà nítorí pé a kì í sún aago síwá-sẹ́yìn láàárín ọdún bíi ti àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù, láti 1919 ni a sì ti wà lórí wákàtí kan yìí. Síbẹ̀, má ri 3600 mọ́ ìsàlẹ̀ kóòdù. Jẹ́ kí ẹni tó pe function rẹ mú un wá fúnra rẹ̀. Lórí Linux, `gmtime_r` ni kí o lò, `gmtime_s` sì ni lórí Windows, torí `gmtime` lásán lè kọ èsì kan lé orí òmíràn bí thread méjì (iṣẹ́ méjì tó ń lọ pọ̀ nínú program kan) bá pè é pọ̀. Ṣọ́ra: `gmtime_s` ti Microsoft kọ́kọ́ ń gba `struct tm` (àpótí tí èsì ọjọ́ àti aago ń bọ́ sí), òdìkejì ohun tó wà nínú ìwé òfin C.

Àwọn kan á ní kí o fi `setenv` yí TZ (ètò tó ń sọ aago ìlú tí program ń lò) padà, ó parí. Èmi ò fara mọ́ ọn. Àlejò ni library nínú program, àlejò kì í sì í yí aago onílé padà. Gbogbo thread inú program náà ni TZ yẹn máa kàn. Windows pàápàá ò ní `setenv`, `_putenv_s` ló ní, kò sì gbọ́ èdè `Africa/Lagos`. Bí o bá ní o fẹ́ kọ ọ́ lọ́nà kúkúrú, `WAT-1` ni wàá kọ, pẹ̀lú àmì ìyọkúrò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iwájú UTC la wà. Ẹni tó bá kọ `WAT+1` ti fi wákàtí méjì ṣìnà.

Raspberry Pi àtijọ́ yẹn ló ń kọ mí lóminú jù. Bí ẹ̀rọ oníbit 32 ni, `time_t` rẹ̀ lè jẹ́ byte mẹ́rin, nígbà tó jẹ́ mẹ́jọ lórí laptop. Bí o bá wá fi `fwrite` da `time_t` sínú fáìlì bó ṣe wà, ẹ̀rọ kejì ò ní lè kà á dáadáa. Èyí tó jẹ́ byte mẹ́rin yẹn, 2147483647 ni òpin rẹ̀, ó sì máa kún ní 19 January 2038. Lọ́dọ̀ wa níbí, aago mẹ́rin ìdájí kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá àti sẹ́kọ́ńdì méje ni. Sẹ́kọ́ńdì tó tẹ̀lé e, ó di 1901. Ẹni tó yá owó ọlọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lónìí á ti kọjá ibẹ̀, nítorí náà má ṣe sọ pé 2038 ṣì jìnnà. Láti glibc 2.34 (library C ti Linux) ni o ti lè fi `-D_TIME_BITS=64 -D_FILE_OFFSET_BITS=64` kọ́ program lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ fáìlì rẹ kò gbọdọ̀ gbára lé e: byte mẹ́jọ ni kí o máa kọ, tàbí kí o kọ ọ́ ní lẹ́tà báyìí, `2025-03-03T23:20:00Z`. Bí o bá ń tẹ nọ́ńbà náà jáde, `PRId64` ni, má lo `%ld`. Bit 32 ṣì ni `long` lórí Windows, kódà lórí ẹ̀rọ oníbit 64.

Ó wá kan àwọn ìyá àgbà. Ìyá tí wọ́n bí ní 1952 ti ṣáájú 1970, nọ́ńbà òdì sì ni sẹ́kọ́ńdì rẹ̀ máa jẹ́. Linux gbà á, ṣùgbọ́n bí o bá gbé nọ́ńbà òdì fún `localtime` lórí Windows, NULL (òfo) ló máa dá padà, o sì lo NULL náà láì yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tó pa program rẹ nìyẹn. Kódà ẹni tí wọ́n bí ní 1 January 1970 gan-an, bí o bá kọ ọ́ sí aago méjìlá òru Abẹ́òkúta, -3600 ni. `mktime`, tó ń sọ ọjọ́ di sẹ́kọ́ńdì, náà kò yọ ọ́: -1 ló fi ń sọ pé òun kùnà, -1 kan náà sì jẹ́ àkókò tòótọ́, sẹ́kọ́ńdì kan ṣáájú 1970 ní UTC.

Ta ló tiẹ̀ mọ aago tí wọ́n bí ìyá náà? Ọjọ́ ìbí kò ní aago, kò sì ní ìlú. Nọ́ńbà ọjọ́ ni kí o fi tọ́jú rẹ̀, láì fọwọ́ kan `time.h` (apá C tó wà fún àkókò) rárá:

```c
int64_t nomba_ojo(int64_t odun, int osu, int ojo)
{
    odun -= (osu <= 2);
    int64_t igba = (odun >= 0 ? odun : odun - 399) / 400;
    int64_t iyoku = odun - igba * 400;
    int64_t inu = (153 * (osu > 2 ? osu - 3 : osu + 9) + 2) / 5 + ojo - 1;
    return igba * 146097 + iyoku * 365 + iyoku / 4 - iyoku / 100
           + inu - 719468;
}
```

Ìlà àkọ́kọ́ ni ọgbọ́n rẹ̀ wà: ó jẹ́ kí ọdún bẹ̀rẹ̀ ní March, kí ọjọ́ 29 February bọ́ sí ìparí ọdún, níbi tí kò ti ní da oṣù kankan rú. 146097 ni iye ọjọ́ inú 400 ọdún. 1 January 1970 á fún ọ ní 0, ohun tó ṣáájú rẹ̀ á jẹ́ òdì, ó sì parí síbẹ̀. Yẹ oṣù àti ọjọ́ wò kí o tó pè é, torí á gba 31 February láì jiyàn. Rántí náà pé `tm_mon` (oṣù inú `struct tm`) ń bẹ̀rẹ̀ láti 0, `tm_year` (ọdún) sì ń kà láti 1900. Function yìí ò rí bẹ́ẹ̀.

O ò béèrè èyí, ṣùgbọ́n bí iná bá lọ tí bátìrì inú kọ̀ǹpútà sì ti kú, aago rẹ̀ lè padà sí ọdún tó ti pẹ́, títí íntánẹ́ẹ̀tì á fi tún un ṣe. Má fi `time` wọn bí iṣẹ́ ṣe pẹ́ tó. `clock_gettime` pẹ̀lú `CLOCK_MONOTONIC` ni ti Linux, `GetTickCount64` ni ti Windows. Fún ìwé owó, fi nọ́ńbà tẹ̀léǹtẹ̀lé sí ara àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí o má sì gba àkọsílẹ̀ tí ọjọ́ rẹ̀ bá ṣáájú ti èyí tó gbẹ̀yìn, kí akọ̀wé lè wo aago ẹ̀rọ rẹ̀.

Ọjọ́ ọjà ló rọrùn jù báyìí tí o ti ní nọ́ńbà ọjọ́. Ọrọọrún la ń pè é, òní sì wà nínú kíkà wa, nítorí náà 4 ni wàá fi pín in, kì í ṣe 5. Bi ìyálọ́jà ní ọjọ́ kan tó dájú pé ọjà ná, pe nọ́ńbà rẹ̀ ní `n0`, pe nọ́ńbà ọjọ́ tí o ń wò ní `n`, lẹ́yìn náà:

```c
int64_t r = ((n - n0) % 4 + 4) % 4;
int64_t oja = n + (4 - r) % 4;
```

Bí `r` bá jẹ́ 0, ọjọ́ ọjà ni `n`; `oja` ni nọ́ńbà ọjọ́ ọjà tó kàn. 4 tí a tún fi kún un yẹn ṣe pàtàkì, nítorí bí `n` bá ṣáájú `n0`, nọ́ńbà òdì ni `%` (iyókù lẹ́yìn pípín) máa dá padà ní C, àwọn àkọsílẹ̀ àtijọ́ yín á sì ṣìnà. Inú fáìlì ètò ni kí `n0` wà, kó má wà nínú kóòdù. Bí wọ́n bá sún ọjọ́ ọjà, akọ̀wé á yí i fúnra rẹ̀ láì pè ọ́.