Ẹ̀rọ rẹ kò bàjẹ́, omi ló ń pín agbára

Àbúrò mi, o ní ìgbì tí ò ń rú nínú táǹkì dọ́gba lẹ́nu ẹ̀rọ tó ń rú omi, ṣùgbọ́n kó tó dé òdìkejì ó ti di ọ̀wọ́-ọ̀wọ́, àwọn kan ga, àwọn kan fẹ́rẹ̀ẹ́ pẹlẹbẹ, o sì fẹ́ tú ẹ̀rọ náà palẹ̀. Jọ̀ọ́, má tú u. Èmi tú tèmi. Nígbà tí mò ń ṣe oyè ọ̀mọ̀wé ní Ìlú Ọba, oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi wá àrùn lára ẹ̀rọ tí ara rẹ̀ le koko.

Omi gan-an ló ń ṣe é. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ méjì, Benjamin àti Feir, kọ ọ́ síta lọ́dún 1967, lẹ́yìn tí ìgbì tiwọn náà kọ̀ láti dọ́gba. Nínú omi tó jìn dáadáa, ìgbì ńlá tó ń tẹ̀ léra wọn bákan náà kì í lè bá a lọ bẹ́ẹ̀. Ìgbì kékeré méjì, tí à ń pè ní ìgbì ẹ̀gbẹ́, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀kan ń mì kánmọ́kánmọ́ jù ú lọ díẹ̀, èkejì ń mì pẹ̀lẹ́ jù ú lọ díẹ̀. Àwọn méjèèjì á máa fa agbára mu lára rẹ̀.

Wo tèmi. Ìgbì mi gùn ní mítà 1 láti orí ọ̀kan dé orí èkejì, omi jìn ní sẹ̀ńtímítà 80, ìgbì 5 ń jáde láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 4, ọ̀kọ̀ọ̀kan ga tó sẹ̀ńtímítà 5 láti kòtò dé orí. Bó bá rí báyìí, ìgbì ẹ̀gbẹ́ ń di ìlọ́po méjì ní bíi mítà 4 ààbọ̀ kọ̀ọ̀kan. Èyí tó jẹ́ ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún ìgbì ńlá lẹ́nu ẹ̀rọ, tí ojú kò lè rí, á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì rẹ̀ ní mítà 25. Bí o bá dúró sójú kan, ìgbì mẹ́fà sí méje ló máa kọjá kí ọ̀wọ́ kan tó parí.

Àṣìṣe mi méjì rèé. Wáyà méjì péré tó ń wọn gíga ìgbì ni mo rì sínú omi, ọ̀kan níbẹ̀rẹ̀, ọ̀kan lópin, n kò sì rí ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín. Èkejì burú jù: ìṣẹ́jú márùn-ún ni mo ń dúró kí n tó tún rú omi. Omi dà bí èyí tó ti tòrò, ṣùgbọ́n ìgbì gbọọrọ ṣì ń fì láti ògiri dé ògiri, òun ló ń gbin èso ìgbì ẹ̀gbẹ́ náà. Ìdí nìyẹn tí ìdánwò méjì kò fi jọra rí. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tí mo fọwọ́ ara mi fi ìgbì ẹ̀gbẹ́ tí mo mọ ìwọ̀n rẹ̀ kún un, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo rú u, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bára mu. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Máa wo àárín ọ̀wọ́ náà. Ìdajì eré ìgbì ni ọ̀wọ́ ń sá, nítorí náà ìgbì ń yọ lẹ́yìn rẹ̀, ó ń ga bó ṣe dé àárín, ó ń kú síwájú. Bí kò bá fọ́, agbára á padà sọ́dọ̀ ìgbì ńlá, bí táǹkì bá gùn tó. Bó bá fọ́, kò sí pípadà: ìgbì ẹ̀gbẹ́ tó ń mì pẹ̀lẹ́ ló máa ń gba ipò ọ̀gá.

O tún béèrè bóyá ohun kan náà ló ń kó ìgbì wá ní ọ̀wọ́-ọ̀wọ́ sí etíkun Ayétòrò. Rárá o. Ìjì gúúsù Àtìláńtíìkì ló ń rán ìyẹn wá. Bí ìṣẹ́jú-àáyá 14 bá wà láàárín ìgbì kan àti èkejì, gígùn rẹ̀ lójú agbami tó mítà 300. Ó tẹ́ jù fún irú pàṣípààrọ̀ yìí. Ìgbì tí mímì wọn súnmọ́ra ló kàn ń pàdé, tí wọ́n tún ń yà.

Rì wáyà mẹ́jọ lọ́la, kí o fi ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kọ ránṣẹ́ sí mi.