Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ṣé ọmọlójú tí kò rí roboto ń sọ àrùn tó wà nínú ara?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Obìnrin ọmọ ọdún 52 ni mí. Lóṣù tó kọjá, àwọn kan gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ya àwòrán ojú wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ wa. Wọ́n ní ọmọlójú òsì mi kò rí roboto, pé ó tẹ́ nísàlẹ̀, pé ọ̀pá ẹ̀yìn mi ló ń bàjẹ́ àti pé àrùn rọpárọsẹ̀ ń bọ̀ lọ́nà. Wọ́n ní kí n ra àgbo ìgò mẹ́fà. Ṣé òótọ́ ni? Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, Mà. Ẹ má ra àgbo náà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí dókítà ojú wo ojú òsì yẹn láàárín ọ̀sẹ̀ yìí.

Ihò ni ọmọlójú, tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọ inú ojú. Awọ tó yí ihò náà ká, tí à ń pè ní áírìsì, ní ẹran kéékèèké méjì: ọ̀kan yí etí ihò ká bí okùn ẹnu àpò, òun ló ń fún un pọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀, èkejì tò bíi sípóòkù kẹ̀kẹ́, òun ló ń fà á ṣí nínú òkùnkùn. Nínú ìmọ́lẹ̀ tó mọ́lẹ̀ dáadáa, ihò yìí máa ń fẹ̀ tó mìlímítà 2 sí 4, ó sì lè tó 8 nínú òkùnkùn. Bí àwọn ẹran méjèèjì bá ń ṣiṣẹ́, tí ohunkóhun kò sì di etí ihò náà mú, yóò rí roboto.

Ìrídọ́lọ́jì ni orúkọ ohun tí àwọn àlejò yín ń ṣe. Ọ̀dọ̀ Ignaz von Peczely ló ti wá, oníṣègùn ará Họ́ńgárì tó tẹ ìwé lórí rẹ̀ jáde ní 1881. Ìtàn tí àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ máa ń sọ ni pé nígbà tó wà lọ́mọdé, ó ṣèèṣì ṣẹ́ òwìwí kan lẹ́sẹ̀, ó sì rí ìlà dúdú nínú ojú rẹ̀. (Ẹyẹ tí a kì í fẹ́ kó ké lórí òrùlé wa ló di olùkọ́ni!) Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti pín áírìsì bí ojú aago, tí wọ́n fi kíndìnrín síbí, tí wọ́n fi ẹ̀dọ̀ sọ́hùn-ún, bí etí ọmọlójú bá sì tẹ́ níbì kan, wọ́n á ní eegun ọ̀pá ẹ̀yìn tó bá ibẹ̀ mu ló ní àléébù.

Wọ́n ti dán àwòrán aago yìí wò. Ní 1979, ìwé ìròyìn àwọn dókítà Amẹ́ríkà, JAMA, gbé àyẹ̀wò kan jáde, nínú èyí tí wọ́n ti fi àwòrán ojú èèyàn 143 han àwọn onírídọ́lọ́jì mẹ́ta, kí wọ́n tọ́ka sí àwọn tí kíndìnrín wọn ń ṣàìsàn. Wọn kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tí ara wọn le. Ní 1988, Paul Knipschild, ará Netherlands, fi ojú àwọn 39 tí àpò òróòro wọn ń ṣàìsàn àti àwọn 39 mìíràn tí kò ní àrùn náà han onírídọ́lọ́jì márùn-ún. Àwọn náà kò mọ̀ ọ́n ju ẹni tó kàn ń méfò lọ. Òótọ́ ni pé àmì inú áírìsì ni wọ́n kà níbẹ̀, kì í ṣe ìrísí ọmọlójú, ṣùgbọ́n orí àwòrán aago kan náà ni ẹ̀kọ́ méjèèjì dúró lé.

Ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ wọn ti fẹ́ jọ òtítọ́. Iṣan tó ń pàṣẹ fún ọmọlójú láti ṣí máa ń ti ọpọlọ sọ̀ kalẹ̀ gba inú ọ̀pá ẹ̀yìn lọ́rùn, ó ń dé òkè àyà nítòsí orí ẹ̀dọ̀fóró, kó tó tún gun ọrùn padà sí ojú. Bí kókó tàbí ọgbẹ́ bá tẹ̀ ẹ́ lójú ọ̀nà, ọmọlójú á kéré, ìpéǹpéjú á sì wálẹ̀ díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Johann Friedrich Horner, dókítà ojú ará Switzerland, ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1869. Ṣùgbọ́n roboto ni ọmọlójú kékeré yẹn máa ń wà. Kò ní tẹ́ lápá kan. Ọ̀kan lára àwọn àrùn ara tó lè ba ìrísí rẹ̀ jẹ́ ni rẹ́kórẹ́kó (syphilis) tó ti pẹ́ nínú ara, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ la sì fi ń mọ ìyẹn.

Ọ̀pọ̀ ìgbà, inú ojú fúnra rẹ̀ ni okùnfà wà. Bí áírìsì bá ti wú rí, tí ojú pọ́n tó sì ń dunni nínú ìmọ́lẹ̀, etí ọmọlójú lè lẹ̀ mọ́ lẹ́ǹsì tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Apá tó lẹ̀ kò ní lè ṣí mọ́, nítorí náà á dà bíi pé ó tẹ́. Ní àwọn abúlé etí odò tó ń ṣàn kíkankíkan, níbi tí kòkòrò tó ń jẹni ti ń gbé aràn tó ń fọ́ni lójú kiri, mo máa ń béèrè bóyá ara ń yún èèyàn, nítorí pé àrùn náà lè fa ọmọlójú wálẹ̀ títí yóò fi rí bíi píà; oògùn ivermectin ni wọ́n ń pín fún un. Òkò tó bà ojú nígbà èwe, iṣẹ́ abẹ kátárákì, tàbí àbùdá tí a bí mọ́ni náà lè fà á. Kí á má sì gbàgbé kámẹ́rà: bí wọ́n bá yà á láti ẹ̀gbẹ́, ohun roboto á rí bí ẹyin.

Bí ẹ bá ń lọ, ẹ mú fọ́tò àtijọ́ tí ojú yín hàn kedere nínú rẹ̀ dání, kí dókítà lè mọ̀ bóyá ó ti pẹ́ tó ti rí bẹ́ẹ̀. Ní ti rọpárọsẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn ìfúnpá yín kí wọ́n sì yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín wò. Ibẹ̀ la ti ń rí ewu rẹ̀.

Ẹ má dúró de ọjọ́ àdéhùn, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀, bí ọmọlójú kan bá ṣàdédé tóbi tí ìpéǹpéjú rẹ̀ sì wálẹ̀ pẹ̀lú orí fífọ́ líle, tàbí bí ojú bá pọ́n, tó ń ro yín gidi, tí ẹ ń bì, tí ẹ sì ń rí òṣùmàrè yí iná ká. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí nǹkan bá gún ojú tí ọmọlójú sì fà sí apá kan bí ẹ̀kán omijé: ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má kán omi ọmú tàbí àgbo sí i, ife mímọ́ tí kò kan ẹyinjú ni kí ẹ fi dé e títí ẹ ó fi dé ọ̀dọ̀ wa.