Kí ni "Glück auf" tí àwọn awakùsà Jámánì fi ń kí ara wọn túmọ̀ sí?

Ẹ̀gbọ́n kan ló bi mí léèrè. Ọmọ wọn ọkùnrin wà ní Freiberg ní Jámánì, ní yunifásítì ìwakùsà tí wọ́n dá sílẹ̀ láti 1765, wọ́n ní ọmọ yẹn sọ fún wọn pé tíṣà o, akẹ́kọ̀ọ́ o, "Glück auf" ni wọ́n fi ń kí ara wọn, kò sì mọ ohun tó ń jẹ́, wọ́n wá ní kí n ṣàlàyé, pé ṣé kì í ṣe pé wọ́n ń pe òrìṣà kan níbẹ̀.

Rárá o ẹ̀gbọ́n, kò sí òrìṣà níbẹ̀. Àdúrà ni, àdúrà ẹnu iṣẹ́. Ṣebí àwa náà, a kì í kí aláró bá a ṣe ń kí onídìrí. Aláró, "àrẹ̀dú o". Onídìrí, "ojú gbooro o". Ọlọ́jà, "ajé á wọgbá o", ohun tí oníṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ jù ló wà nínú bí wọ́n ṣe ń kí i. Ohun tí awakùsà ń fẹ́ jù ni kí àpáta ṣí fún un. "Glück" ni oríire, "auf" ni kó ṣí sílẹ̀. Àwọn míì á sọ fún yín pé kéèyàn gòkè bọ̀ láyọ̀ ló túmọ̀ sí, torí "auf" tún lè jẹ́ òkè, àwọn tó ń wa èédú ní agbègbè Ruhr fẹ́ràn ìyẹn gan-an, mi ò sì ní bá wọn jiyàn, ihò kùsà kì í ṣe ibi eré. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀dọ̀ eléèédú ló ti bẹ̀rẹ̀. Orí òkè Erzgebirge ló ti wá, níbi tí Jámánì àti Czech ti pààlà, lọ́dọ̀ àwọn tó ń wa fàdákà, ẹni tó bá sì mọ bí fàdákà àti yuréníọ̀mù, irin wíwúwo tí wọ́n fi ń ṣe iná átọ́míìkì, ṣe dénú àpáta níbẹ̀ á mọ̀ pé "kó ṣí" ni wọ́n ń sọ lóòótọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìyẹn dáadáa torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ó ti lé ní mílíọ̀nù 300 ọdún báyìí tí gíránáìtì, òkúta líle kan, rú wá sábẹ́ òkè yẹn ní yíyọ́ gbígbóná tó sì dì síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ilẹ̀ ń fà á, ilẹ̀ ń tì í, àpáta bẹ̀rẹ̀ sí í là. Ibi tó bá là tí apá kan sì yẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkejì ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè ní fọ́ọ̀tì, ọ̀kan tó tóbi níbẹ̀ gùn láti ìhà Gera ní Jámánì títí dé Jáchymov ní Czech. Ojú ẹ̀là bẹ́ẹ̀ kì í gún, ó máa ń rí wọ́gọwọ̀gọ ni, torí náà tí apá kan bá ti yẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ibì kan á fún pinpin, ibòmíì á là gbàgà. Ibi tó là gbàgà yẹn lomi máa ń gbà. Omi òjò tó ti rì lọ sísàlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ kìlómítà wà níbẹ̀, omi oníyọ̀ àtayébáyé wà níbẹ̀, èyí tó jáde lára gíránáìtì fúnra ẹ̀ náà wà níbẹ̀, gbogbo ẹ̀ gbóná ju omi tó ń hó lórí iná lọ, ṣùgbọ́n àpáta tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ débi pé kò lè hó.

Omi yìí ló ń kó irin àti yuréníọ̀mù kúrò lára òkúta. Nínú tọ́ọ̀nù gíránáìtì kan, gíráàmù díẹ̀ péré ni yuréníọ̀mù tó máa wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa tìtorí ìyẹn gbẹ́ ilẹ̀, àfi kí omi bá wa ṣà á jọ. Yuréníọ̀mù sì ní ìwà kan: níbi tí ọ́síjìn bá wà nínú omi, ó máa ń yọ́ dáadáa, á sì máa bá omi lọ. Tí omi náà bá wá rìn kan òkúta dúdú tó ní kábọ́ọ̀nù, tàbí èyí tó ní irin àti imí-ọjọ́, wọ́n á gba ọ́síjìn yẹn lọ́wọ́ ẹ̀, yuréníọ̀mù ò wá ní lè yọ́ mọ́, á dì mọ́ ara ẹ̀là níbẹ̀. Irin tó gba ọ́síjìn á dípẹtà, ìdí nìyẹn tí àpáta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yuréníọ̀mù fi máa ń pọ́n yòò. Fàdákà, àti irin méjì tó ń jẹ́ kóbọ́ọ̀tì àti níkẹ́ẹ̀lì, omi oníyọ̀ ló gbé àwọn ìyẹn ní tiwọn, nígbà tí omi bá tutù, tàbí tó bá pàdé omi míì tí ìwà wọn ò bára mu, ló máa sọ wọ́n kalẹ̀.

Kì í wá ṣe ẹ̀ẹ̀kan o. Ohun tó ń dì síbẹ̀ máa ń dí ojú ẹ̀là pa, omi á há sábẹ́, agbára ẹ̀ á máa pọ̀ sí i, títí tí ilẹ̀ á tún fi mì tí àpáta á tún là, omi á tú sókè, agbára ẹ̀ á já wálẹ̀ lójijì, òmíì á tún dì. Ó ń là, ó ń dí, ó ń là, bẹ́ẹ̀ ni fún ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún. Ẹ̀là tí nǹkan ti dì sínú ẹ̀ báyìí ni wọ́n ń pè ní iṣan. Tí ẹ bá mú ègé iṣan kan láti òkè yẹn dání ẹ máa rí i pé ìlà ìlà ló wà, láti ògiri ọ̀tún àti ti òsì wọnú: òkúta funfun quartz ló máa kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ ògiri méjèèjì, yuréníọ̀mù dúdú tó rí róbótó róbótó, tó wúwo ju bó ṣe tóbi lọ, á wà lórí ẹ̀, calcite, òkúta míì tó rọ̀ ju quartz lọ, á tẹ̀ lé e, nígbà míì àárín gbùngbùn ò ní dí tán, ihò kékeré á wà níbẹ̀ tí òkúta tó ń dán á yọ ṣóńṣó sínú ẹ̀. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ilẹ̀ ṣí ló kọ síbẹ̀ yẹn. Yuréníọ̀mù àkọ́kọ́ ti wà níbẹ̀ láti nǹkan bíi mílíọ̀nù 270 ọdún sẹ́yìn, kóbọ́ọ̀tì àti níkẹ́ẹ̀lì dé lẹ́yìn ẹ̀ nígbà tí ẹ̀là tún ṣí.

Ẹ wá wo awakùsà ayé ìgbà yẹn nínú ihò pẹ̀lú àtùpà ọ̀rá àti òòlù. Iṣan tó ń tẹ̀ lé lè fẹ̀ lónìí, tó bá gbẹ́ ẹ síwájú díẹ̀ kó fún débi pé ojú ọ̀bẹ ò ní wọ̀ ọ́, lẹ́yìn ìyẹn kó tún là gbàgà. Kò sí ẹ̀rọ tó lè fi wò ó. Tó bá fún tí kò ṣí mọ́, owó ti tán nìyẹn, ará ilé á fọwọ́ lẹ́rán. Ẹni tó ń bọ̀ lọ́nà ihò lẹ máa kí ní "kó ṣí", kí lẹ tún fẹ́ sọ fún un?

Tó bá jẹ́ iwin lẹ̀ ń wá, ibòmíì ló wà. Kóbọ́ọ̀tì àti níkẹ́ẹ̀lì, orúkọ iwin inú ihò ni wọ́n fi pè wọ́n, torí wọ́n jọ fàdákà àti bàbà lójú, tí wọ́n bá gbé e síná wọn ò ní rí ohun tí wọ́n ń wá. Ní Jáchymov, tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1516 nítorí fàdákà, ìlú tí owó fàdákà ẹ̀, thaler, bí orúkọ dọ́là, òkúta dúdú wúwo yẹn làwọn awakùsà ń pè ní Pechblende. Ọ̀dà ni "Pech" torí dúdú ẹ̀, ó sì tún ni oríburúkú lẹ́nu wọn, torí ibi tó bá ti yọ ni fàdákà ti máa ń tán. Wọ́n ń dà á nù! Ní 1789 Klaproth, onímọ̀ kẹ́mísírì kan ní Berlin, fi òkúta yìí mọ̀ pé yuréníọ̀mù wà láyé, ní 1898 Marie Curie àti ọkọ ẹ̀, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, rí radium, irin míì tó ń tú ìtànṣán jáde, nínú ti Jáchymov.

Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ti àwọn awakùsà Schneeberg, ìlú kan lórí òkè Erzgebirge yẹn náà. Ojú ẹ̀là yẹn náà ni gáàsì radon, tí yuréníọ̀mù ń bí, ń gbà wọnú ihò, ó pa àìmọye wọn kí àwọn dókítà tó sọ ní 1879 pé jẹjẹrẹ inú àyà ni. Síbẹ̀ lẹ́yìn ogun kejì, Wismut, iléeṣẹ́ tí Sófíẹ́ẹ̀tì dá sílẹ̀ níbẹ̀, wa nǹkan bíi 231,000 tọ́ọ̀nù yuréníọ̀mù láti Saxony àti Thuringia kí wọ́n tó dá a dúró ní 1990.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ Ìjẹ̀ṣà, irú ẹ̀ wà lọ́dọ̀ yín. Wúrà Ìperindó, ara ẹ̀là àpáta nítòsí fọ́ọ̀tì Ifẹ̀wàrà ni omi gbígbóná kó o sí pẹ̀lú quartz, èyí táwọn ọ̀dọ́ ń jọ̀ nínú odò, òjò ló fọ̀ ọ́ kúrò lára àpáta.

Tí wọ́n bá ti kí ọmọ yín ní "Glück auf", "Glück auf" náà ni kó fi dáhùn, láàárọ̀ o, lálẹ́ o. Kò sí èsì míì.