Àbúrò mi, ẹ má tíì kó ẹrù o, ẹ jẹ́ kí ọ́dà kọ́kọ́ wà lọ́wọ́ yín

Àbúrò mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ohun tó o kọ, pé ọ̀gá ọkọ ẹ sọ fún un lẹ́nu pé wọ́n máa gbé e lọ sí base mìíràn láàárín oṣù 2, lanlọ́ọ̀dù sì ti ń béèrè bóyá ẹ máa tún ilé san, o wá fẹ́ kó àwọn ọmọ ṣáájú lọ, pé tó bá yá US Army á dá owó yín padà. Jọ̀ọ́, má lọ o, àfi tí ọ́dà bá ti jáde, ìyẹn ìwé àṣẹ tí Army fi ń gbé sọ́jà lọ síbòmíràn. Ohun tí èmi náà ṣe ní 2019 gan-an nìyẹn.

Nígbà yẹn ọkọ mi ṣì wà ní ipò sọ́jà tí wọ́n ń pè ní E-4 bíi ti ọkọ ẹ, àwa náà gbọ́ ọ lẹ́nu, mo kó àwọn ọmọ sínú mọ́tò, mo san hòtẹ́ẹ̀lì ojú ọ̀nà, mo ra epo, mo san owó ilé tuntun, gbogbo ẹ̀ ni mo ń kọ sínú ìwé pé ìjọba máa san án. Ọ̀sẹ̀ 3 lẹ́yìn tí mo ti débẹ̀ ni ọ́dà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Nígbà tí ọkọ mi kó ìwé lọ síbi tí wọ́n ti ń sanwó, wọ́n wo déètì tí mo rìn, wọ́n wo déètì orí ọ́dà, wọ́n ní mo ti rìn kí ọ́dà tó jáde. Òfin tí wọ́n ń lò fún gbogbo ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò wọ̀nyí, Joint Travel Regulations, tí wọ́n máa ń pè ní JTR, fàyè gbà á tí àwọn tó ń kọ ọ́dà bá fún yín ní ìwé pé wọ́n ti sọ fún yín ṣáájú pé ọ́dà ń bọ̀, àmọ́ inú ìwé ló gbọ́dọ̀ wà, ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀gá ò tó nǹkan kan níbẹ̀. Oṣù 5 la fi ń lọ tá a fi ń bọ̀, a ò rí kọ́bọ̀ gbà lórí ìrìn-àjò tèmi. Mo sunkún gan-an, torí owó tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí màmá mi wà nínú ohun tí mo ná.

Ti lanlọ́ọ̀dù yẹn, má jẹ́ kó dẹ́rù bà ẹ́. Òfin kan wà tó ń dáàbò bo àwọn sọ́jà, tí wọ́n ń pè ní SCRA, tí ọ́dà bá ti jáde, ọkọ ẹ á kọ lẹ́tà sí i, á fi ẹ̀dà ọ́dà mọ́ ọn, ọjọ́ 30 lẹ́yìn ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ tún san rẹ́ǹtì tó tẹ̀ lé e ni àdéhùn ilé yẹn parí, kò sì gbọ́dọ̀ bu owó ìtanràn lé yín torí pé ẹ ò lo ọdún pé. Nítorí náà, tó bá fẹ́ kẹ́ ẹ tọwọ́ bọ̀wé tuntun nísinsìnyí, kì í ṣe ohun tó yẹ kó lé yín jáde nílé kí ọ́dà tó dé.

Tí ọ́dà bá wá jáde, kí ẹ tó yọ̀, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ orúkọ ìwọ àtàwọn ọmọ sí. Tí orúkọ ò bá sí níbẹ̀, ọkọ nìkan ni wọ́n ń sanwó fún. Inú DEERS, ìyẹn àkọsílẹ̀ orúkọ àwọn sọ́jà àti ìdílé wọn, ni wọ́n ti ń mọ ẹni tó jẹ́ ìdílé sọ́jà, torí náà kí ọkọ ẹ ti lọ wò ó bóyá gbogbo yín wà níbẹ̀. Mo mọ ẹnì kan tí wọ́n ti ṣe ìdána fún ní Nàìjíríà, gbogbo ẹbí mọ̀ pé ìyàwó ni, àmọ́ wọn ò tíì lọ sí rẹ́jísírì, wọn ò rí ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó kankan fà kalẹ̀, bí ọkọ ṣe dá nìkan lọ nìyẹn, ìyàwó wá fowó ara ẹ̀ tẹ̀ lé e.

Ó yá, owó. Ẹ má pè é ní owó kan ṣoṣo, oríṣiríṣi ni, kálukú ló sì ní iṣẹ́ tiẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní DLA ni wọ́n fi ń ràn yín lọ́wọ́ láti tún ilé gbé kalẹ̀, ipò ọkọ ẹ àti pé ó ní ìdílé ni wọ́n fi ń ṣírò ẹ̀, wọn ò sì béèrè rìsíìtì. Ẹ lè bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n san án ṣáájú, mo sì gbà yín nímọ̀ràn pé kẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ tẹ́nì kan bá sọ fún ọkọ ẹ pé kó gba advance pay, kó mọ̀ pé owó oṣù ara ẹ̀ ni wọ́n yá a, oṣooṣù ni wọ́n á máa yọ ọ́ padà, ó ká àwa náà lára lọ́dún yẹn.

Ti ojú ọ̀nà, jẹ́ kí n fi tiwa ní 2023 ṣàlàyé, ìyẹn ìgbà kejì, tá a ti gbọ́n. Ọ̀nà yẹn tó 1,300 máìlì. 350 máìlì ni wọ́n kà sí ìrìn ọjọ́ kan, torí náà wọ́n fún wa ní ọjọ́ 4. Lọ́dún yẹn sẹ́ǹtì 22 ni wọ́n ń san lórí máìlì kan, mọ́tò 2 la gbé, ìyẹn $286 lórí ìkọ̀ọ̀kan. Owó oúnjẹ àti ibi sísùn jẹ́ $157 lójúmọ́ fún ọkọ mi, èmi gba ìdá 75 nínú 100 ẹ̀, àwọn ọmọ wa 2 tí wọn ò tíì pé ọdún 12 gba ìdajì ìdajì. Nígbà tá a ro gbogbo ẹ̀ pọ̀ pẹ̀lú ti mọ́tò, $2,299. Iye yẹn máa ń yí padà lọ́dọọdún o, ẹ wo ti ọdún tẹ́ ẹ bá rìn.

Tẹ́ ẹ bá ti kúrò nílé tẹ́ ò tíì rí òmíràn, TLE ló ń san hòtẹ́ẹ̀lì àti oúnjẹ, ọjọ́ 14 ni nígbà tiwa, kò sì lè ju $290 lọ lójúmọ́. Ẹ lè pín ọjọ́ yẹn, ẹ lo díẹ̀ níbi tẹ́ ẹ ti ń kúrò, kẹ́ ẹ lo ìyókù níbi tẹ́ ẹ ń lọ. Tó bá jẹ́ Jámánì tàbí Korea, tó fi mọ́ Hawaii àti Alaska, owó mìíràn tí wọ́n ń pè ní TLA ni tiyín, òfin tiẹ̀ yàtọ̀. Tẹ́ ẹ bá sùn sílé ọ̀rẹ́, kò sí owó ibi sísùn, kódà bẹ́ ẹ bá fún ọ̀rẹ́ yẹn lówó.

Ẹrù ńkọ́? E-4 tó ní ìdílé lè kó tó 8,000 pọ́un, èyí tó bá lé, ẹ̀yin lẹ máa san án. Ẹ ya àwọn nǹkan iṣẹ́ ọkọ ẹ sọ́tọ̀ kí wọ́n tó wọ̀n wọ́n, torí 2,000 pọ́un wà fún ìyẹn lọ́tọ̀, ìwọ náà sì ní 500 fún nǹkan iṣẹ́ tìẹ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fúnra yín kó o, èyí tí wọ́n ń pè ní PPM, kí wọ́n wọ̀n trọ́ọ̀kì nígbà tó ṣófo, kí wọ́n tún wọ̀n ọ́n nígbà tó kún, ìwé méjèèjì ni wọ́n ń béèrè. A gbàgbé láti wọ̀n ọ́n ní òfìfo, àyà mi já, àfi ìgbà tí sájẹ́ǹtì kan sọ pé tá a bá já ẹrù tán a ṣì lè wọ̀n ọ́n kó tó di pé a dá a padà fún àwọn tó ni ín. Bó ṣe bọ́ sí i nìyẹn. Owó tó bá ṣẹ́ kù sí yín lọ́wọ́ lórí PPM, wọ́n ń gba owó orí lórí ẹ̀, ẹ má ná an tán.

Rìsíìtì hòtẹ́ẹ̀lì, iye yòówù kó jẹ́, ẹ tọ́jú ẹ̀. Ohun mìíràn tó bá ti tó $75, ẹ tọ́jú ẹ̀ náà, kẹ́ ẹ sì fi fóònù yà á lọ́jọ́ yẹn gan-an torí ìwé yẹn máa ń parẹ́. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ọjọ́ iṣẹ́ 5 ni ọkọ ẹ ní láti kọ DD Form 1351-2, ìyẹn fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń béèrè owó ìrìn-àjò padà. Tiwa, bíi ọ̀sẹ̀ 3 ni owó fi wọlé. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ ní owó lọ́wọ́ kẹ́ ẹ tó gbéra, lẹ́yìn ni púpọ̀ nínú owó yìí ń bọ̀.

O ní nọ́ọ̀sì ni ẹ́, o sì fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Dúró ná. Tó bá jẹ́ ọ́dà ọkọ ẹ ló mú ẹ kúrò níbi iṣẹ́, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ máa ń san owó àìríṣẹ́ṣe fún ìyàwó sọ́jà, àmọ́ wọ́n á béèrè ọ́dà yẹn. Owó tó o bá san láti gba láísẹ́ǹsì ní ìpínlẹ̀ tuntun, Army lè dá tó $1,000 padà nínú ẹ̀, èmi náà gba tèmi.

Kí ọkọ ẹ lọ wo DEERS lọ́la. Tí ọ́dà bá sì jáde, má fi síbí o, orúkọ yín àti nọ́ńbà yín wà lára ẹ̀, ṣáà kọ sí mi nínú inbox, ká jọ wo ibi tí wọ́n kọ orúkọ àwọn ọmọ sí.